Òdòdó Inú Ife Mi

Ọjọ́ Sátidé ni mo dé láti àgọ́ ẹran, mo sì bá òdòdó nínú ife mi.

Ife tánganran ni, èyí tí mo fi ń mu kọfí tí mo bá wá sílé. Ó ti họ létí kan. Kò sẹ́ni tó ń lò ó tí mi ò bá sí nílé, tàbí kí n sọ pé bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Drieka ìyàwó mi ti bu omi sínú rẹ̀, ó ti ki ẹ̀ka igi kan bọ̀ ọ́, ó gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé.

Mo jókòó. Mo bọ́ àkẹtẹ̀ mi lé orúnkún, mo ń wo òdòdó náà láti abẹ́ ojú, bí èèyàn ṣe ń wo ajá tí kò mọ̀ rí.

Ẹ̀ka náà gùn, ó sì rọ̀. Òdòdó ara rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí inú etí ọmọ ewúrẹ́, wọ́n dorí kodò bí agogo. Ewé rẹ̀ kéékèèké, etí ewé náà ní eyín wẹ́wẹ́. Ohun kan tó dà bí eruku funfun bo gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe eruku, nítorí nígbà tí mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò kúrò; irun wínníwínní ni.

Láti kékeré ni mo ti ń da ewúrẹ́ ní pápá oníyanrìn tó kọjú sí òkun. Kò sí ewéko kan níbẹ̀ tí mi ò mọ̀, bí mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Èyí kò sí ní pápá mi. Tí kò bá sí lọ́dọ̀ mi, a jẹ́ pé ó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ìfura mi ti bẹ̀rẹ̀.

Drieka wà nídìí iná, ó ń yí búrẹ́dì lórí irin. Ó wẹ̀yìn wò mí.

"Bàbá Lenie, ṣé o ò rí nǹkan kan tó yàtọ̀ nínú ilé yìí ni?"

Mo wo fèrèsé. "Mo rí i."

"Kí lo wá rí sí i?"

"Ó dáa," mo ní. "Níbo ló ti wá?"

"Níbo ni kí ni ti..." Ó tẹ̀lé ojú mi dé ibi ife. Ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Áà. Ìyẹn lò ń sọ." Ó yíjú sí búrẹ́dì rẹ̀. "Níbí náà ni. Ìwọ tí o mọ gbogbo igi, o ò mọ̀ ọ́n?"

"Níbí níbo?"

"Níbí níbí. Kọfí rẹ ń tutù."

Inú ife mìíràn ló bu kọfí náà sí. Mo mu ún. Nígbà tó tẹ̀ síwájú láti gbé búrẹ́dì fún mi, mo rí irun funfun wínníwínní kan náà lára gèlè rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ etí. Ó ti fara kan igi náà níbi tó ti hù. Ó ti tẹ̀ síwájú mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ẹnì kan já a wá fún un, òun fúnra rẹ̀ ló lọ síbẹ̀.

Mi ò bèèrè mọ́. Ẹni tó bá bèèrè á gbọ́ ìdáhùn.

Kí n sọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Floors Domrogh. Òun ló kọ́kọ́ wá tọrọ Drieka, kí èmi tó dé. Bàbá Drieka ló kọ̀ nígbà náà, wọ́n ní ẹnu Floors ti dùn jù. Ó fẹ́ ẹlòmíràn, ìyẹn sì kú. Ní báyìí, ó dá wà ní àgọ́ ẹran rẹ̀ lẹ́bàá odò Gariep, lẹ́yìn òkè, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́. Òun ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀ náà. Èmi kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Lenie ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Springbok sì ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kí ló ń dúró dè nínú ilé tí ọkọ kò sí.

Ọ̀rọ̀ náà ò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Tí igi yìí bá jẹ́ ti ẹ̀bá odò, mo ti pàdánù ìyàwó mi. Tó bá jẹ́ ti ibòmíràn, mo ṣì ní in. Mo ní láti mọ igi náà.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, nígbà tí Drieka ń wẹ̀, mo já ẹ̀ka tó kéré jù lára rẹ̀, mo fi sínú àkẹtẹ̀ mi. Mi ò rántí pé a máa ń bọ́ àkẹtẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé e dání bí ẹni gbé ẹyin, mo dojú rẹ̀ dé orí itan mi, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi wàásù tán. Ohùn Floors ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó wọlẹ̀, ó dùn. Mo wo Drieka láti ẹ̀gbẹ́ bóyá ó ń gbọ́ ohùn náà ju ti àwọn yòókù lọ. Ó ń kọrin. Mi ò lè mọ̀.

Níta, bí àwọn ọkùnrin ṣe jókòó síbi ibòji ògiri, mo gbàgbé, mo dé àkẹtẹ̀ mi. Òdòdó náà bọ́ sí mi léjìká.

"Ẹ wò ó o!" ọkùnrin kan kígbe. "Efraim ti di ọkọ ìyàwó!"

"Òdòdó, Efraim? Ní ọjọ́ orí ẹ yìí?"

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan ló ń fẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé òun pẹ̀lú wọn ló ń sùn pọ̀ ní pápá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Floors dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín láti ibẹ̀. Drieka wà láàárín àwọn obìnrin náà. Mo he òdòdó mi, mo rìn gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, igi kékeré kan wà tí mo mọ̀. Òdòdó ọmọláńgidi la máa ń pè é, nítorí àwọn ọmọbìnrin máa ń dojú rẹ̀ kodò, kí wọ́n fi ṣe yẹ̀rì fún ọmọláńgidi. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo gbé tọwọ́ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ewé méjèèjì ní eyín. Irun funfun wà lára méjèèjì. Mo tutọ́ sí ewé ti ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ìka ra á, ó fà bí ilá. Mo ṣe tọwọ́ mi bẹ́ẹ̀, òun náà fà. Ayọ̀ díẹ̀ wọ inú mi. Ó ti ní "níbí náà ni." Ó lè jẹ́ òótọ́.

Ṣùgbọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè bí àgbàdo, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń fà nílẹ̀. Tèmi pupa, ẹ̀ka rẹ̀ sì nàró. Ìbátan ni wọ́n. Ọ̀kan náà kọ́. Ayọ̀ náà jáde.

Ẹnì kan ló kù tó lè sọ fún mi, ẹni náà ni mi ò sì fẹ́ lọ bá. Ouma Sabina, ìyá àgbà tó bí Floors. Ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán, àmọ́ kò sí ewéko tí wọn ò lè fi ọwọ́ àti ahọ́n mọ̀. Mo yí ilé wọn po lẹ́ẹ̀mejì kí n tó yà síbẹ̀. Ìyá àgbà náà jókòó síta iwájú ilé wọn tí a fi ẹní bò, wọ́n na ẹsẹ̀ sínú oòrùn.

"Ta nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ bí ẹni wá jí adìyẹ?"

"Èmi ni, Ouma. Efraim."

"Efraim ti Drieka."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ouma." Bí wọ́n ṣe ń pè mí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé Drieka ti Efraim. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo igi kan. Òbúkọ mi kan ló jẹ ẹ́. Mo ń bẹ̀rù kó má lọ jẹ́ májèlé."

Wọ́n gba ẹ̀ka náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá ewé rẹ̀ kiri, wọ́n ra á, wọ́n fi sí ahọ́n. Wọ́n wá mú òdòdó kan, wọ́n yí i nínú ìka jẹ́jẹ́.

"Kí ló ń ṣe òbúkọ náà?"

"Kò... kì í sùn dáadáa, Ouma."

"Òbúkọ tí kì í sùn." Ẹnu wọn ń gbọ̀n. "Ó ń jẹun?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun."

"Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Ouma?"

"Mo ní ìyá ewúrẹ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ń sún mọ́ ọn?"

Mo ní mi ò kíyè sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn tí kò ríran dáadáa.

"Gbọ́, ọmọ mi. Kì í ṣe májèlé. Òdòdó ọmọláńgidi ni, àmọ́ èyí tó ń hù lórí òkúta. Fọwọ́ kàn án. Abala òdòdó rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìró tí obìnrin ró, ọ̀kan bo ọ̀kan létí, apá kan náà ni gbogbo wọn ń lọ́ sí. Ewé rẹ̀ fà. Ti ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì kì í dàgbà tó báyìí. Lẹ́yìn òkè ni kó o ti wá èyí, lẹ́bàá odò. Ó pọ̀ lọ́dọ̀ Floors."

Mi ò mọ ohun tí ojú mi ṣe, àmọ́ wọn ò lè rí i. Ọwọ́ mi ni wọ́n dì mú nígbà tí mo fẹ́ gba ẹ̀ka náà padà.

"Ọwọ́ rẹ tutù. Efraim, kí ló dé tí o ò bi ẹni tó fi í sínú ife?"

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ ife kankan fún wọn. Mo sáré kúrò níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo sọ fún Drieka pé mò ń padà sí àgọ́ ẹran. Ó di búrẹ́dì fún mi. Ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń retí kí n sọ nǹkan kan, ó fi ẹsẹ̀ pa ilẹ̀ ilé, ilẹ̀ náà ń dán. Mo ní ó dàbọ̀. Nígbà tí mo kọjá ilé tó kẹ́yìn, mo yà kúrò lójú ọ̀nà pápá, mo gba ọ̀nà òkè.

Ó jìnnà. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń rí i: Drieka ń gba ọ̀nà yìí, Drieka ń gbé ẹsẹ̀ lé òkúta yìí. Mò ń wo ilẹ̀ bóyá màá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ ọ̀bọ ni mo rí. Mo tiẹ̀ tẹjú mọ́ ìyẹn náà.

Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ sí apá odò, igi náà wà níbẹ̀. Ó wà níbi gbogbo, láàárín òkúta, bí Ouma Sabina ṣe sọ. Mo mọ ewé rẹ̀, mo mọ irun funfun rẹ̀, mo ra á, ó fà. Mo jókòó lórí òkúta kan, mo sì di orí mú.

Ìgbà tí mo jókòó tán ni mo wá wò ó dáadáa. Igi tó wà nítòsí mi kò ga ju ọmọ ìka lọ. Èyí tó tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ Floors ti gé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí irun orí ọmọ ilé-ìwé. Mo dìde, mo ń lọ láti ìdí kan dé èkejì, mo ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí òdòdó kan. Kò sí ẹ̀ka kan tó gùn tó èyí tó wà nínú ife mi. Gbogbo wọn le, wọ́n gbẹ, wọ́n kún fún kókó níbi tí eyín ti gé wọn. Tèmi rọ̀, ó gùn, ó ti mu omi yó. Igi náà ni, àmọ́ kì í ṣe ibí.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bóyá Floors sé ọ̀kan mọ́ inú ọgbà fún un. Bóyá ó ń bomi rin ín nítorí rẹ̀.

"Efraim! Kí lo sọ nù sáàárín òkúta mi?"

Òun ni, lókè, ọ̀pá lọ́wọ́. Mi ò pe ẹnikẹ́ni láti òkèèrè kí n tó wọ ilẹ̀ rẹ̀, bí èèyàn ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Mo dà bí olè.

"Ewúrẹ́ kan," mo ní. "Ewúrẹ́ mi kan ló sọnù."

"Ó rìn jìnnà o. Òbúkọ ni?"

"Òbúkọ ni."

"Ṣé èyí tí kì í sùn yẹn? Màmá sọ fún mi." Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló burú jù, kò rẹ́rìn-ín. "Àwọ̀ wo ni?"

"Ó... ó ní funfun lójú."

"Wá mu wàrà ná. Lẹ́yìn ìyẹn, a jọ máa wá a."

Mo mu wàrà rẹ̀. Ó dùn, ó ní adùn èso igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí odò. Wàrà tèmi máa ń ní iyọ̀ lẹ́nu. Mo rò pé, ṣé Drieka ti mu èyí? Bó ṣe ń bù ú fún mi, mò ń wo inú ọgbà rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti òkúta nìkan ló wà níbẹ̀. Igi kankan kò sí.

Lẹ́yìn náà, ó bá mi wá ewúrẹ́ tí kò sí. Ó gun òkúta, ó ń pe òbúkọ mi pẹ̀lú ohùn ńlá tó fi ń kọrin yẹn, ó ń wo ẹ̀yìn gbogbo àpáta, òógùn bò ó. Èmi náà ń pè é. Kí ni mo tún lè ṣe? Mi ò mọ̀ bóyá ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni àbí èèyàn rere ni. Ká ní mo mọ̀ ni, èyí tó bá jẹ́ nínú méjèèjì, ara ì bá tù mí.

Nígbà tó rẹ̀ wá, ó bá mi dé ẹsẹ̀ òkè.

"Tí mo bá rí i, màá so ó mọ́lẹ̀ fún ọ. Bá mi kí Drieka. Bi í pé ilẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ dáadáa? Mo sọ fún un pé kó má jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kíákíá."

Mo ní màá sọ fún un. Mo yíjú, mo ń gun òkè. Ilẹ̀ ilé mi. Ó mọ ilẹ̀ ilé mi. Ó mọ ìgbà tí wọ́n rẹ́ ẹ, èmi tí mo sùn lórí rẹ̀ kò mọ̀.

Mo dé ilé nígbà tí oòrùn ń lọ sílẹ̀. Mi ò gba iwájú. Mo gba ẹ̀yìn, bí ẹni tó fẹ́ ká ẹnì kan mọ́. Èmi kì í dé ẹ̀yìn ilé wa. Ọ̀nà pápá ń já sí iwájú, ẹ̀yìn sì jẹ́ ibi tí Drieka ń da eérú àti omi ìfọṣọ sí.

Igi náà wà níbẹ̀.

Ó ga dé orúnkún mi. Ó kún fún òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn dorí kodò. Drieka ti fi ẹ̀gún yí i ká kí ewúrẹ́ ìlú má bàa jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ìdí rẹ̀ tutù. Mo rí ojú ibi tí ó ti gé ẹ̀ka inú ife mi, ó ṣì funfun. "Níbí náà ni," ó ti wí. Òótọ́ ló sọ fún mi.

Èèyàn mìíràn ì bá fi í mọ síbẹ̀, kó wọlé, kó jẹun. Èmi bẹ̀rẹ̀ láti wo ohun tó hù lé lórí. Òkìtì ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni, ìyókù èyí tí wọ́n fi rẹ́ ilẹ̀. Mo mú kóró ìgbẹ́ kan, mo fọ́ ọ láàárín ìka. Iṣẹ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe ń mọ ibi tí ẹran mi jẹ dé nìyẹn. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ mi dúdú, ó rọ̀, nítorí ewé oníyọ̀ ni wọ́n ń jẹ. Èyí pọ́n, ó gbẹ, kóró èso igi ẹlẹ́gùn-ún wà nínú rẹ̀. Mo fọ́ òmíràn. Ọ̀kan náà ni. Ewúrẹ́ ẹ̀bá odò ni, inú wọn ni irúgbìn igi náà ti wá.

Màmá mi máa ń sọ pé ìgbẹ́ tí wọ́n fi ń rẹ́ ilẹ̀ ilé, ọgbà ẹran ọkọ ilé ló gbọ́dọ̀ ti wá. Ilé tí ọgbà ẹlòmíràn bá wọ ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní, ẹni náà ti wọlé.

Mo na ọwọ́ láàárín ẹ̀gún, mo di igi náà mú lọ́rùn. Irun rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń yún mi.

"Mo rò pé pápá lo lọ."

Drieka ni, ó gbé abọ́ omi ìfọṣọ dání. Mi ò jẹ́ kí igi náà lọ.

"Ìgbẹ́ yìí kì í ṣe tiwa," mo ní.

"Rárá o."

"Ti Floors ni."

"Ti Floors ni." Ó gbé abọ́ sílẹ̀. "Ouma Sabina ló ní kó gbé e wá. Wọ́n wá ṣe àdúrà níbí, ẹsẹ̀ wọn há sínú ihò ilẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo hun ẹní fún ilé wọn, Floors gbé ìgbẹ́ wá fún mi. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ dúró síwájú ilé ní ọ̀sán gangan, gbogbo ìlú rí i. Kí ló kù tó o fẹ́ mọ̀?"

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ! Ní ìgbà òtútù tó kọjá, mo ní, bàbá Lenie, ilẹ̀ ti là, bá mi gbé ìgbẹ́ bọ̀ láti pápá. O ní o gbọ́. Mo tún sọ. O ní o gbọ́. O gbọ́, o gbọ́, o kì í ṣe ju gbígbọ́ lọ. Láti ọdún tó kọjá tí mo ti ń rẹ́ ilẹ̀ yìí, ìgbẹ́ Floors ni. Orí ẹ̀ lò ń sùn. Orí ẹ̀ lo ti ń mu kọfí. O ò mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan rí, ìwọ tó ń fi ìka fọ́ ìgbẹ́ kiri."

Mo ṣì di igi náà mú.

"Ní Sátidé, mo bi ọ́ pé ṣé o ò rí nǹkan tó yàtọ̀ nínú ilé. Mo ti fi orúnkún wọ́ láti àárọ̀ kí ilẹ̀ lè dán kó o tó dé. Ẹ̀ka igi lo rí." Ohùn rẹ̀ wọlẹ̀. "Tu ú."

"Kí ni?"

"Tu igi náà, kó o sinmi. Bí o bá tu ú, èmi náà á bá ọkọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé lọ sọ́dọ̀ Lenie. Mi ò ní bá ọ jà. Tu ú."

Ojú rẹ̀ gbẹ. Ká ní ó ń sunkún ni, ẹ̀rù ì bá má bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣí ọwọ́ mi. Ó pẹ́ kó tó ṣí. Ẹ̀gún fà mí lára bí mo ṣe ń yọ ọ́ jáde.

"Mo sọ fún Ouma Sabina ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo fi òdòdó sínú ife rẹ. Wọ́n ní o fi sínú àkẹtẹ̀, o gbé e yí ìlú ká," ó ní. "Kí ni wọ́n ní ó ń jẹ́?"

"Òdòdó ọmọláńgidi ti orí òkúta."

"Ṣé o rí i. Èmi ò mọ̀. Ó kàn hù ni, mo sì ń bu omi sí i. Tí mo bá bu omi sí i lónìí, á rú ewé tó bá dọ̀la. Ó ń dá mi lóhùn." Ó gbé abọ́ omi náà, ó nà án sí mi. "Gbà. Má dà á sí ewé, ìdí ni kó o dà á sí."

Mo gbà á. Mo bomi rin igi Floors lẹ́yìn ilé ara mi. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń yún mi, ohun kan náà sì ń jẹ mí láyà, kò kúrò, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo dà á sí ìdí.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ ìlú pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mi, mo di àpò ìgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ìgbẹ́ dúdú láti ọgbà ẹran mi. Àwọn ọkùnrin ibi ògiri rí mi.

"Efraim! Ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, òdòdó. Lónìí, ìgbẹ́. Ìfẹ́ yìí ń padà sẹ́yìn o!"

Drieka yọ jáde síta, ó wo àpò náà, ó wo mí. Ó ní ilẹ̀ ò tíì tó rẹ́, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ẹ ni, kí ló dé tí mi ò bèèrè. Ó ní kí n gbé e sẹ́yìn ilé, kí n má jẹ́ kó kan igi òun. Kọfí tó bù fún mi, inú ife mi ló wà. Òdòdó ti bọ́ sínú ìgò kan.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Floors ń bọ̀ wá bá wa. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀, mo rí ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ojú Drieka ni.

"Efraim, òbúkọ rẹ ńkọ́? Mo ṣì ń wá a o. Ṣé o ti rí i?"

Mo la ẹnu. Drieka ló yá jù mí lọ.

"Ó ti wálé," ó ní. "Àmọ́ okùn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. A ò tíì tú u."

Floors rẹ́rìn-ín, Drieka náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ọ̀kan, mo wo èkejì, mò ń wò ó bóyá ẹ̀rín méjèèjì gùn bákan náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ọwọ́ Drieka wà ní apá aṣọ mi, ó dì í mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde.